Bí Òjìji Ọ̀pá Ṣe Sọ Fún Mi Bí Ìbàdàn Ṣe Jìnnà Tó

 

Sabon Gari, ní Kano níbí, ni wọ́n bí mi sí. Ọmọ Ìbàdàn ni bàbá mi, àmọ́ mi ò débẹ̀ rí. Orí fóònù nìkan ni mo ti mọ màmá àgbà. Tí wọ́n bá ní, "Ìgbà wo lo máa wálé?", èsì mi ò ju "Ó jìnnà, Màmá" lọ. Báwo ló ṣe jìnnà tó gan-an? Ìṣirò JSS3 ló dá mi lóhùn.

Tí onígun mẹ́ta bá ní igun kan tó jẹ́ dígírì 90, bí igun ìwé, tí a sì mọ gígùn ẹ̀gbẹ́ méjì tó pàdé níbi igun 90 yẹn, a lè wá igun tí a ò mọ̀. A ó mú ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí igun tí à ń wá, a ó fi ìkejì pín in. Èsì rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní tan. Tábìlì á wá sọ igun tó ni ín.

Ní nǹkan bí ọjọ́ 20 oṣù Máàṣì, oòrùn ọ̀sán máa ń wà lókè ìlà agbedeméjì ayé gan-an. Lọ́jọ́ náà, èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi méjì ri ọ̀pá mọ́lẹ̀ nínú ọgbà ilé ìwé wa ní Tarauni. Ó yọ sókè ní 100 sẹ̀ǹtímítà. A so òkúta mọ́ okùn, a fi wò ó pé ó dúró ṣánṣán. Láti aago méjìlá la ti ń sàmì sí ibi tí òjìji rẹ̀ dé, ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún. Èyí tó kúrú jù, lẹ́yìn aago méjìlá ààbọ̀ díẹ̀, jẹ́ 21 sẹ̀ǹtímítà.

Ọ̀pá, òjìji àti ìtànṣán oòrùn ló di onígun mẹ́ta wa. Igun tí à ń wá wà ní ṣóńṣó ọ̀pá. Òjìji ló kọjú sí i. Tí a bá fi 100 pín 21, ó jẹ́ 0.21. Nínú tábìlì, tan 11 jẹ́ 0.1944, tan 12 jẹ́ 0.2126. Igun wa fẹ́rẹ̀ẹ́ tó dígírì 12 nìyẹn. Ẹ wo máàpù: Kano wà ní nǹkan bíi dígírì 12 sí àríwá ìlà agbedeméjì ayé!

Lọ́jọ́ kan náà, ọmọ àǹtí mi wọn tiẹ̀ n'Ìbàdàn. Màmá mi bá mi mú iye rẹ̀ wá lọ́jọ́ àbẹ̀wò: 13 sẹ̀ǹtímítà. Ìyẹn jẹ́ nǹkan bíi dígírì 7.4. Tí a bá yọ ọ́ kúrò nínú 12, ó ku 4.6. Dígírì kan lórí ilẹ̀ ayé tó nǹkan bíi 111 kìlómítà. Nítorí náà, Ìbàdàn fi nǹkan bíi 510 kìlómítà wà ní gúúsù wa. Ọ̀nà mọ́tò gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí Ìbàdàn tún yà sí ìwọ̀ oòrùn, ọ̀nà náà sì ń lọ́ kọ́lọkọ̀lọ.

Ó ti lé ní 2,200 ọdún tí Eratosthenes ti fi òjìji ní Íjíbítì wọn bí ayé ṣe tóbi tó.

Àwọn kan ní Yorùbá ò ṣeé fi sọ ìṣirò. Nígbà tí a gba họlidé, mo fi Yorùbá ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún màmá àgbà lórí fóònù. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n wá ní, "Òjìji tìrẹ gùn ju tiwa lọ, torí oòrùn ò dé orí yín tó bó ṣe dé orí wa." Bẹ́ẹ̀ gan-an ni!

Ní nǹkan bí ọjọ́ 23 oṣù Sẹ̀tẹ́ńbà, oòrùn á tún padà sí ibẹ̀ yẹn. Ẹni tó bá ní ìbátan nílùú mìíràn, kó ní kí wọ́n wọn tiwọn sílẹ̀. Èmi á mú ọ̀pá wá.