Igbá Ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ Kan Láàárín Ìlobùú àti Ìfọ́n

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ahọ́n àti ẹnu a máa jà. Bàbá àgbà kan ní Ìlobùú rántí ọ̀rọ̀ yìí nígbà tí ó gbé igbá ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ sẹ́nu. Ọtí náà kan, ó sì dùn díẹ̀. Àgbàdo ni wọ́n rẹ títí ó fi hù; wọ́n sá a, wọ́n lọ̀ ọ́, wọ́n sè é, wọ́n sẹ́ ẹ, kí wọ́n tó fi í sílẹ̀ kí ó kan.

Ọtí oko ni. Láyé àtijọ́, ní gúúsù Bẹ́líjíọ̀mù, àwọn àgbẹ̀ a máa pọn tiwọn nígbà òtútù de àwọn alágbàṣe ìgbà ooru. Saison ni wọ́n ń pè é, èyí tí ó túmọ̀ sí ìgbà lédè Faransé. Nílẹ̀ Yorùbá, ẹni tí ó bá bẹ ọ̀wẹ̀ ni í wá oúnjẹ àti ọtí sílẹ̀.

Ìfọ́n ni wọ́n ti bí ìyá bàbá yìí. Bí ó bá pọn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ ọ̀wẹ̀, àwọn ẹbí rẹ̀ a wá láti Ìfọ́n, igbá kan náà ni gbogbo wọn sì fi ń mu. Lọ́dún 2025, ìjà ààlà ilẹ̀ mú kí ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kéde kónílé-ó-gbélé ní ìlú méjèèjì.

Bàbá mu ìdajì, ó gbé ìyókù fún ọmọ ọmọ rẹ̀:

"Gbé e lọ fún ẹ̀gbọ́n mi ní Ìfọ́n."

"Lónìí, Bàbá?"

"Lónìí ni. Ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ kì í dúró deni."