Gbogbo Alángbá Ló Da Ikùn Délẹ̀: Ọ̀rọ̀ Lórí Kókó Dúdú Tí Ń Hù Nísàlẹ̀ Ọpọlọ

Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí. Òwe yìí kò ṣàjèjì sí akẹ́kọ̀ọ́ kankan. Ìkìlọ̀ ni wọ́n máa ń fi í ṣe fún ẹni tí ó yẹ kí ó máa ṣọ́ra. Ṣùgbọ́n ní ti àìsàn tí àròkọ yìí dá lé lórí, òwe náà kì í ṣe àfiwé lásán mọ́. Ojú gan-an ni ó sábà máa ń ròyìn ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nínú orí. Bí ènìyàn bá kọ etí dídi sí ìròyìn náà, ojú a lọ, ẹ̀mí pẹ̀lú sì lè bá a lọ.

Nísàlẹ̀ ọpọlọ, lẹ́yìn imú lọ́hùn-ún, ni ẹ̀yà ara kan wà tí kò tóbi ju hóró ẹ̀wà kan lọ. Pituitary ni àwọn oníṣègùn ń pè é. Inú kòtò eegun kékeré ni ó jókòó sí bí ẹyin inú ìtẹ́. Bí ó ti kéré tó nì, òun ni ó ń pàṣẹ fún ọ̀pọ̀ ẹ̀yà mìíràn: òun ni ó ń mú ọmọdé dàgbà, tí ó ń mú nǹkan oṣù obìnrin lọ déédéé, tí ó sì ń rán ara létí láti pèsè kọ́tísọ́ọ̀lù, èròjà tí ń gbé ènìyàn ró nígbà ìnira. Lókè rẹ̀ ni iṣan ojú méjèèjì ti pàdé bí oríta. Bí kókó kan bá hù níbẹ̀ tí ó sì ń dàgbà sókè, oríta yìí ni yóò tì, tí yóò sì máa fún pa.

Ẹ fojú inú wo ìyá kan tí ń ránṣọ ní Òkè-Àdó ní ìlú Ìbàdàn. Ó ń rí ojú abẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n kò rí ọ̀kadà tí ń bọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ń fi èjìká gbá ènìyàn lọ́jà, wọ́n sì ń pè é ní agbéraga. Aládùúgbò kan ní, “Ẹ lọ ra oògùn ojú, ìyá.” Òmíràn ní kí wọ́n lọ gba awò ojú. Ẹlòmíràn sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ pé ọwọ́ ayé ni. Orí ń fọ́ ọ, ó ń lo Panadol. Nǹkan oṣù rẹ̀ dáwọ́ dúró, ó sì kà á sí ti ọjọ́ orí. Àmì mẹ́ta, ìtumọ̀ mẹ́ta, kò sì sí ẹni tí ó so wọ́n pọ̀.

Àyẹ̀wò tí yóò kọ́kọ́ so wọ́n pọ̀ kò ná ènìyàn ní nǹkan púpọ̀. Ẹni tí ó mọ iṣẹ́ ojú yóò ní kí ìyá náà fi ọwọ́ bo ojú kan, kí ó tẹjú mọ́ imú òun, yóò sì máa mi ìka láti ẹ̀gbẹ́ bọ̀ wá sí àárín. Bí apá òde ojú ọ̀tún àti ti òsì bá ṣókùnkùn, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti awò ojú. Inú orí ni kí wọ́n lọ wò.

Ọ̀nà ìyá yìí kò jìn. Ní Ìbàdàn kan náà ni UCH wà, ilé ìwòsàn ńlá tí wọ́n ṣí ní 1957. Ibẹ̀ ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Látúndé Ọdẹ́kù, ọmọ bíbí Awẹ́ tí ó kàwé ní Amẹ́ríkà, ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ abẹ ọpọlọ ní 1962. Òun ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó kọ́ iṣẹ́ náà. Akéwì ni pẹ̀lú, ó kọ ìwé ewì kí ó tó di olóògbé ní 1974, ní ọmọ ọdún 47.

Ọ̀pọ̀ kókó tí ń hù ní àyíká pituitary kì í ṣe dúdú rárá. Ara pituitary fúnra rẹ̀ ni wọ́n ti ń hù, wọn kì í sì í sábà jẹ́ jẹjẹrẹ. Dúdú ni ó ṣọ̀wọ́n. Níbo ni dúdú ti rí ọ̀nà dé inú agbárí? Mẹ́lánììnì, èròjà tí ń pa awọ ara láró, kò mọ sí awọ ara nìkan. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ń ṣe é wà nínú awọ tí ó bo ọpọlọ pẹ̀lú, ìbáà jẹ́ ti aláwọ̀ dúdú tàbí ti Òyìnbó.

Ẹ̀rọ MRI ni wọ́n fi ń ya àwòrán ibẹ̀. Nínú oríṣi àwòrán kan, kókó tí mẹ́lánììnì kún inú rẹ̀ a máa tàn funfun; nínú oríṣi kejì, a ṣú dúdú. Inú ìkòkò dúdú mà ni ẹ̀kọ funfun ti ń jáde! Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ tí ó ti dà sínú kókó lásán lè tàn bẹ́ẹ̀, ọ̀rá pẹ̀lú lè tàn bẹ́ẹ̀. Nígbà mìíràn, orí tábìlì iṣẹ́ abẹ ni dókítà ti máa kọ́kọ́ mọ̀ pé ohun tí òun bá pàdé dúdú bí èédú.

Níhìn-ín ni ọgbọ́n ti ṣe pàtàkì jù lọ. Gbogbo alángbá ló da ikùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Kókó dúdú kan lè jẹ́ melanocytoma, orúkọ tí Limas àti Tio fún un ní 1972. Èyí máa ń dàgbà díẹ̀díẹ̀, kì í sì í sábà tàn ká. Òmíràn lè jẹ́ melanoma, jẹjẹrẹ oníjàgídíjàgan, tí ó hù níbẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ̀kẹta jẹ́ melanoma tí ó ti ibòmíràn wá, tí inú orí wulẹ̀ jẹ́ ilé àjò fún un. Láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú, àtẹ́lẹsẹ̀ ni melanoma ti wọ́pọ̀ jù. Nítorí náà, dókítà tí ó mọṣẹ́ yóò ní kí ìyá náà bọ́ bàtà, yóò wo àtẹ́lẹsẹ̀, abẹ́ èékánná, gbogbo awọ ara, àti inú ẹyinjú. Ẹni tí kò mọ̀ lè rẹ́rìn-ín pé orí ní ń dùn mí, ẹsẹ̀ ni dókítà ń wò.

Èyí tí yóò yanjú ọ̀rọ̀ ni ẹran ara tí wọ́n gé lábẹ́ ẹ̀rọ mákírósíkóòpù. Àyẹ̀wò bíi HMB-45 àti S-100 a máa fi hàn pé sẹ́ẹ̀lì tí ń ṣe mẹ́lánììnì ni, ṣùgbọ́n wọn kò lè sọ èyí tí ó jẹ́ oníwà pẹ̀lẹ́. Bí sẹ́ẹ̀lì ṣe ń pín kíákíá sí, àti bóyá ó ń wọnú ọpọlọ, ni wọ́n fi ń mọ ìwà rẹ̀. Lọ́jọ́ òní, àyẹ̀wò jíìnì GNAQ àti GNA11 tún ń ṣèrànwọ́, nítorí àyípadà nínú wọn wọ́pọ̀ nínú irú èyí tí ó hù láti inú awọ ọpọlọ.

Kí iṣẹ́ abẹ tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ wọn kọ́tísọ́ọ̀lù inú ẹ̀jẹ̀. Bí ó bá lọ sílẹ̀ tí wọn kò fi oògùn gbé e ró, aláìsàn lè kú kí kókó tó pa á. Ihò imú ni wọ́n sábà máa ń gbà dé ibẹ̀, ọ̀nà tí Hermann Schloffer kọ́kọ́ là ní Austria ní 1907. Bí wọ́n bá kó melanocytoma kúrò tán, ó lè tó bẹ́ẹ̀, àfi kí wọ́n máa ya àwòrán fún ọ̀pọ̀ ọdún nítorí ó lè padà hù. Bí ó bá ṣẹ́ kù, wọn a fi ìtànṣán lé e. Melanoma ń fẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ: láti 2011 ni oògùn tí ń ran àwọn ọmọ ogun ara lọ́wọ́ láti bá a jà ti dé, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ kọjá agbára aránṣọ. Àwọn kan yóò sì máa lo oògùn họ́mọ́ònù títí ayé wọn.

Àwọn àgbà ní àìtètè mólè, olè ń mólóko. Iṣan ojú tí wọ́n tètè tú sílẹ̀ lè padà ríran. Èyí tí ó ti kú kì í jí mọ́. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá rí òbí tí ń kọlu òpó ilẹ̀kùn léraléra, tàbí tí olùkọ́ rí ọmọ tí kò rí ẹni tí ó jókòó tì í, kí ó má ṣe bá a wí. Kí ó mú un lọ síbi tí wọ́n ti máa yẹ ẹ̀gbẹ́ ojú rẹ̀ wò. Bí ọgbẹ́ dúdú bá sì wà ní àtẹ́lẹsẹ̀ tí kò jinná, kí wọ́n má fi bàtà bò ó.