Kí Ni Dúrọ́ọ̀mù Yẹn Ti Gbé Rí?

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, bí ẹ bá ń wá ẹni tí ó láyà, ẹ wá ẹni tí yóò sọ fún ìyá tí ó ti ń pọn ọtí láti ọgbọ̀n ọdún pé ohun èlò rẹ̀ kò dára. Èmi ni mo dán an wò ní Apákun wa níbí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Òṣòdì. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Màmá, ni mo sì sọ ọ́ fún.

Ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ ni Màmá ń pọn. Wọn a rẹ àgbàdo sínú omi fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta, wọn a fi ewé bò ó títí yóò fi hu, wọn a sá a sóòrùn, wọn a lọ̀ ọ́, wọn a pò ó mọ́ omi, wọn a sè é, wọn a sẹ́ ẹ, wọn a wá fi í sílẹ̀ kí ó kan. Ẹ má fojú tẹ́ńbẹ́lú iṣẹ́ yìí o! Híhù tí àgbàdo hù yẹn ni ó ń jẹ́ kí ohun tí ó wà nínú rẹ̀ di ṣúgà; ìwúkàrà ni yóò sì sọ ṣúgà náà di ọtí. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ fi òfin de kíkó máàtì bálì wọ Nàìjíríà ní 1988, ṣebí ọkà bàbà àti àgbàdo ni àwọn ilé-iṣẹ́ ọtí ńláńlá sá tọ̀? Ohun tí àwọn ìyá wa ti mọ̀ tipẹ́ ni.

Ọ̀ràn kò sí lọ́wọ́ Màmá. Ara dúrọ́ọ̀mù ni ó wà. Èyí tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀ ti jẹrà, wọ́n sì ra òmíràn lọ́jà. Mo wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo rí àwòrán agbárí òkú tí ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́ tán.

"Màmá, kí ni dúrọ́ọ̀mù yìí ti gbé rí?"

"Ṣé èmi ni mo gbé e wá láti òkè òkun ni? Mo ti finá jó o, mo ti fi yanrìn fọ̀ ọ́. Láti ọjọ́ tí mo ti ń pọntí, ta ni ó mu ún tí ó kú?"

Kò sí ẹni tí ó kú lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo májèlé ní ń pànìyàn lójú ẹsẹ̀, ọtí tí ó bá kan a sì máa jẹ irin. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2015, ní Òde-Ìrèlè ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, ó lé ní èèyàn 15 tí ó kú láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ojú ẹlòmíràn fọ́ kí ó tó kú. Ìwádìí fi hàn pé methanol ni ó wà nínú ògógóró tí wọ́n mu. Ògógóró nìyẹn, kì í ṣe ṣẹ̀kẹ̀tẹ́, kì í sì í ṣe dúrọ́ọ̀mù ni ó fà á. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ rẹ̀ kan náà ni: ẹni tí ó ń mutí kò lè fojú rí ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Ọwọ́ ẹni tí ó pọn ọ́n ni ó fi ẹ̀mí sí.

N kò bá Màmá jiyàn. Ọ̀dọ̀ àwọn tí ń ra irin kóńdẹ́ẹ̀mù ní Òṣòdì ni mo gbà lọ. Mo rí ìkòkò sitéńlẹ́ẹ̀sì kan níbẹ̀ tí yóò gba lítà 50, etí rẹ̀ kan ti kán, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì lu. Mo bi òun náà léèrè ohun tí ó ti gbé rí. Oníirin rẹ́rìn-ín, ó dojú rẹ̀ kọ mí: ìrẹsì tí ó jóná ṣì lẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀! Kaǹtíìnì ni ó ti wá. Ẹ̀rí wo ni mo tún ń wá?

Ní 1913 ni Harry Brearley ṣe irú irin yìí ní Sheffield, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Chromium tí wọ́n pò mọ́ ọn ni ó ń fún un ní awọ fẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kì í jẹ́ kí ó dípẹtà. Bí nǹkan bá ha awọ náà, yóò tún ara rẹ̀ ṣe.

Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ wẹ́dà. Mo ní kí ó fi ọ̀pá sitéńlẹ́ẹ̀sì, èyí tí wọ́n ń pè ní 308, jó etí rẹ̀, nítorí ti irin lásán yóò dípẹtà. Ihò ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, a fẹ̀ ẹ́, a sì fi táàpù sitéńlẹ́ẹ̀sì sí i. Ó fi bí ìbú ìka méjì ga sí ìdí ìkòkò, kí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ lè dúró sísàlẹ̀. Mo fi omi ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀ ọ́, mo sì se omi lásán nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, mo dà á nù.

"Ẹ̀ẹ̀kan péré ni n ó lò ó o," ni Màmá wí.

Nígbà tí ọtí náà kan, àwọn oníbàárà mu ún, wọ́n mira. Ọ̀kan bi wọ́n bóyá wọ́n ti pààrọ̀ àgbàdo. Baba arúgbó kan ní tirẹ̀ ṣàròyé pé ó dùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò ta òun lẹ́nu bí irin mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀.

Màmá wò mí. Èmi náà wo Màmá.

Ní alẹ́ ọjọ́ yẹn, wọ́n ní kí n yí dúrọ́ọ̀mù náà jáde. Mo rò pé wọ́n fẹ́ tà á ni. Wọ́n gbé òòlù àti ìṣó ńlá lé mi lọ́wọ́.

"Lu ìdí rẹ̀, ọmọ mi. Lu ú dáadáa, kí ẹlòmíràn má baà rà á gbomi sí."