Láti Ìkẹ́rẹ́ dé Emùré: mẹkáníkì mẹ́ta, àìsàn mẹ́ta, mọ́tò kan ṣoṣo

Bí ẹ bá ń bọ̀ láti Àkúrẹ́, tí ẹ ti kọjá Ìta-Ògbólú, kò ní í pẹ́ tí ẹ ó fi máa rí àwọn àpáta ńláńlá tó dúró gbagidi lókè. Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì lẹ dé yẹn o, ìlú Ògògà. Òkè Olósùnta wà níbẹ̀, Òkè Òròlé náà wà níbẹ̀, wọ́n sì rẹwà wò. Ṣùgbọ́n ẹni tí mọ́tò rẹ̀ bá ń hó bí omi àmàlà, ẹwà wo ló fẹ́ rí? Ojú abẹ́rẹ́ tó ń sọ bí ẹ́ńjìnnì ṣe gbóná tó nìkan ni yóò máa wò.

Ọ̀nà Àkúrẹ́ sí Adó yìí, ọ̀nà ìjọba àpapọ̀ ni, ọ̀pọ̀ ọdún làwọn èèyàn sì fi pariwo kòtò ibẹ̀. Kòtò ń ba ṣọ́ọ̀kì jẹ́, ó ń ba bọ́ọ̀lù jọ́ńtì jẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ ká di gbogbo ẹ̀bi ru ọ̀nà. Àwọn tó ń tún mọ́tò ṣe náà ní tiwọn nínú.

Nígbà tí mo gba ibẹ̀ lọ sí Emùré gbẹ̀yìn, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mọ́tò mi dá mi dúró. Ní Ìkẹ́rẹ́, ọ̀gá mẹkáníkì kò tíì ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì tán tó fi sọ pé, "Alàgbà, rédíétọ̀ yín ti dí." Wọ́n tú u, wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n dá a padà, mo sanwó. Ó ní mo lè fi wà á dé Kánò. Kánò kẹ̀? Mi ò tíì dé Ìsẹ̀ tí ooru fi tún ń rú jáde níwájú.

Ọ̀gá kejì, ní Ìsẹ̀, rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ta ló ṣe èyí fún yín? Wọ́n ti bà á jẹ́ fún yín ni." Ẹ̀yin náà mọ ọ̀rọ̀ yẹn, kò sí mẹkáníkì tí kì í fi kí oníbàárà tuntun. Ó yọ tẹmosítáàtì, ó jù ú sílẹ̀, ó ní ilẹ̀ wa gbóná, a ò nílò irú ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, nǹkan ọ̀hún ló ń jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tètè dé ìwọ̀n ooru tó yẹ ẹ́, kó sì dúró síbẹ̀. Bí ẹ bá yọ ọ́, epo tí mọ́tò ń jẹ á pọ̀ sí i. Láti ìgbà tí wọ́n sì ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo lóṣù karùn-ún, ọdún 2023, ta ló tún ń fẹ́ mọ́tò ọ̀jẹun?

Ìsẹ̀ tí mo ń wí yìí, ìlú Arínjalẹ̀, ibẹ̀ ni Ọlọ́wẹ̀ gbé, gbẹ́nàgbẹ́nà tí òkìkí ẹ̀ kan gbogbo ayé, tó kú ní nǹkan bí ọdún 1938. Ilẹ̀kùn tó gbẹ́ fún ààfin Ògògà wà ní British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù láti ọdún 1924. Ó gbẹ́ òyìnbó ajẹ́lẹ̀ kan sára ẹ̀, tí àwọn èèyàn gbé rù wá bá ọba. Ọkọ̀ tiẹ̀ nìyẹn, kò ní rédíétọ̀! Iṣẹ́ ọwọ́ ọmọ Èkìtì yìí ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún, ó ṣì dúró. Tàwọn ọ̀gá mi wọ̀nyí kò dúró dé ìlú kejì.

Ọ̀rọ̀ ọ̀hún kì í ṣe ti owó nìkan o. Ilẹ̀ ti ń ṣú nígbà tí mọ́tò tún kọṣẹ́ kí n tó wọ Emùré, igbó lọ́tùn-ún, igbó lósì. Ta ni kò rántí ọjọ́ 29, oṣù kìn-ín-ní, ọdún 2024? Lágbègbè Emùré yìí ni wọ́n ti dá bọ́ọ̀sì iléèwé dúró, tí wọ́n jí àwọn ọmọ kéékèèké àtàwọn olùkọ́ wọn gbé. Wọ́n tú wọn sílẹ̀ lọ́jọ́ 4, oṣù kejì, ṣùgbọ́n wọ́n ti pa awakọ̀ wọn. Ẹni tí mọ́tò bá dá dúró síbẹ̀ lálẹ́, ẹ̀mí ẹ̀ ló gbé dání yẹn.

Ọlọ́run yọ mí, wọ́n fi okùn fà mí wọ ìlú. Ọ̀gá kẹta ní gásíkẹ́ẹ̀tì ló jó, àfi ká sọ ẹ́ńjìnnì kalẹ̀. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹfà ju èje lọ! Bàbá awakọ̀ kan tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ló béèrè pé, "Ẹ ti wo ìdérí rédíétọ̀ ọ̀hún?" Nígbà tó tutù tí wọ́n ṣí i, rọ́bà abẹ́ ẹ̀ ti gé, sípíríǹgì ẹ̀ ti dẹ̀.

Ìdérí yẹn kì í ṣe ọmọrí ìkòkò lásán. Òun ló ń dí ooru mọ́ inú kí omi má tètè hó. Bó bá ti bàjẹ́, omi á máa hó, á máa tú jáde díẹ̀díẹ̀, ẹ́ńjìnnì á sì gbóná. Tuntun tí a rà, owó ẹ̀ kò tó ìdajì èyí tí mo san n'Íkẹ́rẹ́. Títí di òní, mọ́tò náà kò hó mọ́.

Mi ò ní gbogbo mẹkáníkì ni kò mọṣẹ́. Ọ̀pọ̀ wọn, Peugeot 504 tí wọ́n ń tò ní Kàdúná ni wọ́n fi kọ́ṣẹ́, mọ́tò ayé ìsinsìnyí sì ti di ti kọ̀ǹpútà. Ṣùgbọ́n kí wọ́n máa fi owó oníbàárà dán "bóyá" wò, ìyẹn ni kò dáa.

Ẹ̀yin onímọ́tò, kí ẹ tó sanwó, ẹ ní kí wọ́n fi ibi tó bàjẹ́ hàn yín. Èyí tí wọ́n bá yọ, ẹ gbà á lọ́wọ́ wọn. Ohun tó kéré jù lówó ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ẹ má sì ṣí rédíétọ̀ tó gbóná láé, omi ẹ̀ á bó yín lójú.