Igi Àgbálùmọ̀ Ẹ̀yìnkùlé Wa ní Ilé-Ifẹ̀

Ẹni tí ó bá ti Ìbàdàn ń bọ̀ wá sí Ilé-Ifẹ̀ ní oṣù Èrèlé yóò mọ àkókò tí a wà láìwo kàlẹ́ńdà. Bí ọkọ̀ bá ti kọjá Aṣéjìrè, tí a ti ra dòdò ní Ìkirè, tí a sì ti fi Gbọ̀ngán sẹ́yìn, àtẹ àgbálùmọ̀ ni yóò máa pàdé wa lọ́nà. Àwọn obìnrin a tò wọ́n ní mẹ́rin-mẹ́rin, ní márùn-ún-márùn-ún, eruku ọyẹ́ a sì bo ara wọn pípọ́n díẹ̀. Kí ọkọ̀ tó dé ẹnu ọ̀nà Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ìdajì àwọn èrò inú rẹ̀ ni yóò ti máa mu àgbálùmọ̀, tí oje rẹ̀ yóò sì ti lẹ̀ mọ́ wọn létè.

Irú ìrìn-àjò bẹ́ẹ̀ ni mo rìn ní oṣù Èrèlé ọdún 2023. Ọdún tí owó bébà wọ́n ni. Tíránsífà ni mo fi san owó àgbálùmọ̀ mẹ́fà. Kì í ṣe ìgbafẹ́ ni mo bá lọ. Àbúrò mi ọkùnrin, tí ó ń gbé pẹ̀lú Màmá ní ilé wa lẹ́yìn Lágèrè, ni ó pè mí. Ó ní òun ti bá bíríkìlà sọ̀rọ̀, òun fẹ́ kọ́ yàrá mẹ́ta sí ẹ̀yìnkùlé kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lè yá a gbé, ṣùgbọ́n igi àgbálùmọ̀ ni ó dúró sí ojú ibi tí ìpìlẹ̀ yóò gbà kọjá. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ máa bọ̀ wá bá Màmá sọ ọ́. Bí èmi nìkan bá sọ ọ́, wọn kò ní gbọ́."

Ohun tí ó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu mi ni pé a kò gbọ́dọ̀ gé e. Mo sọ ọ́ kíákíá, bí ẹni tí kì í san owó iná ilé náà ṣe máa ń sọ̀rọ̀.

Igi tí ó jẹ́ ẹgbẹ́ mi

Ní ọdún 1988, nígbà tí Màmá lóyún mi, àgbálùmọ̀ nìkan ni ó ń wù wọ́n jẹ. Ọ̀pọ̀ aláboyún ilẹ̀ Yorùbá ni ó mọ irú ìfẹ́ yìí, nítorí kíkan rẹ̀ máa ń bá wọn lẹ́nu mu nígbà tí oúnjẹ mìíràn bá ń rìn wọ́n. Ojú fèrèsé ilé ìdáná ni Màmá ti ń ju kóró rẹ̀ síta. Nígbà tí òjò dé, méjì hù. Ewúrẹ́ jẹ ọ̀kan, èkejì sì ń dàgbà pẹ̀lú mi. Mo ti wọ ilé-ìwé girama kí ó tó so fún ìgbà àkọ́kọ́.

Bí àgbálùmọ̀ tí a fi kóró gbìn ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Ọdún méje, ọdún mẹ́jọ, nígbà mìíràn ọdún mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ni ènìyàn yóò fi máa wo ewé lásán. Bí ó bá sì ti bẹ̀rẹ̀ sí so, kì í kánjú. Nígbà tí òjò ọdún bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń múlẹ̀ ni ó máa ń tanná. Èso rẹ̀ yóò wà ní tútù jálẹ̀ òjò, yóò sì dúró de ẹ̀ẹ̀rùn kí ó tó pọ́n. Láti oṣù Ọ̀pẹ títí wọ oṣù Igbe ni a ń mu ún, nígbà tí oòrùn mú, tí ọ̀pọ̀ máńgòrò kò sì tíì gbó.

Àwọn onímọ̀ nípa ewéko pè é ní *Chrysophyllum albidum*. Láti inú èdè Gíríìkì ni ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ ti wá, "ewé wúrà" ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ẹni tí ó bá ti dúró lábẹ́ igi yìí nígbà tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ mọ ìdí rẹ̀: òkè ewé dúdú bí ewé yòókù, ṣùgbọ́n bí ó bá yí pa dà, abẹ́ rẹ̀ a máa kọ yẹ̀rì. Bí a bá fi ọ̀bẹ gé èso náà ní ìbú, kóró rẹ̀ a tò yíká bí ìràwọ̀, ìdí nìyẹn tí àwọn Òyìnbó fi ń fi ìràwọ̀ pè é. Ẹbí ńlá ni ó ti wá. Ẹmi, igi tí a ń rí òrí lára rẹ̀, jẹ́ ìbátan rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni àgbáyun, èso kékeré tí ó ń sọ ohun kíkan di dídùn lẹ́nu. Ní Ghana, alasa ni wọ́n ń pè é. Àwọn Igbo ń pè é ní ụdara, ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í sì í ká a lórí igi. Wọn a dúró kí ó fúnra rẹ̀ já bọ́.

Ìrìn láti Lágèrè dé Ẹnuwá

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, kí n tó bá Màmá sọ̀rọ̀, mo fi ẹsẹ̀ rìn láti Lágèrè lọ sí Ẹnuwá. Ọ̀nà yẹn ni ọ̀pọ̀ àlejò ń gbà lọ wo ààfin Ọọ̀ni àti ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tó wà nítòsí rẹ̀, kí wọ́n tó yà lọ sí Ọ̀pá Ọ̀rányàn. Èmi kò wo ilé, orí igi ni mo ń wò lókè páànù. Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo lè ka àgbálùmọ̀ mẹ́sàn-án láti ilé wa dé ààfin, nítorí pé gbogbo wọn ni a máa ń lọ ṣa. Ní ọjọ́ yẹn, mẹ́ta ni mo rí. Ibi tí mẹ́fà yòókù wà tẹ́lẹ̀ ti di ilé alájà, ṣọ́ọ̀bù àti ibi ìgbọ́kọ̀sí.

N kò lè bínú sí ẹnikẹ́ni. Ọdún 1967 ni Yunifásítì kó wá láti Ìbàdàn sí orí ilẹ̀ rẹ̀ ní Ifẹ̀, láti ìgbà náà ni ìlú sì ti ń kọ́lé fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí kò rí ibùsùn nínú ọgbà. Owó ilé wọ̀nyẹn ni ó rán ọ̀pọ̀ ọmọ Ifẹ̀ ní ilé-ìwé, èmi pẹ̀lú. Àní, ilé kíkọ́ ti mú ire wá fún ìlú yìí rí: ní ọdún 1938, ìpìlẹ̀ ilé ni wọ́n ń wà ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀, nítòsí ààfin, tí wọ́n fi hú àwọn orí idẹ tí gbogbo ayé mọ Ifẹ̀ mọ́ lónìí. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ní kí a má gbẹ́ ẹ̀yìnkùlé mọ́ ní Ifẹ̀ kò tíì mọ ìtàn Ifẹ̀.

Nígbà tí mo pa dà dé, àbúrò mi mú mi yí igi náà ká. Ó fi ẹ̀ka kan hàn mí tí ó ti nà dé orí páànù yàrá Màmá. Bí ìjì bá ṣẹ́ ẹ, orí bẹ́ẹ̀dì wọn ni yóò bọ́ sí. Ó sì mú ìwé kékeré kan jáde, tí ó ti ṣe ìṣírò sí. Owó tí àwọn alátẹ ń san lórí èso ọdún kan kò tó ìdajì owó tí akẹ́kọ̀ọ́ kan yóò san lórí yàrá kan. Ní ìsàlẹ̀ ìwé náà, ó kọ iye tí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru Màmá ń gbà lóṣooṣù, ó sì fa ìlà sí abẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, bí ó bá jẹ́ èso ni ẹ fẹ́, ẹ jẹ́ kí a gbin àjàrà sí ẹnu géètì. Kò ní gba àyè."

Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀fẹ̀ lásán. Àjàrà, tí ọ̀pọ̀ wa kọ́kọ́ gbọ́ orúkọ rẹ̀ nínú Bíbélì kí a tó fi ojú rí i, wà lórí àtẹ ní àwọn ilé ìtajà ńlá báyìí, púpọ̀ nínú rẹ̀ sì ń wá láti Gúúsù Áfíríkà. Àwọn kan ń dán gbígbìn rẹ̀ wò nílé. Ṣùgbọ́n igi ilẹ̀ òtútù ni. Ó fẹ́ kí òtútù mú òun, kí ewé òun wọ́, kí òun sùn fún ìgbà díẹ̀ kí òun tó tún rúwé. Níbi tí kò bá ti sí òtútù, ọ̀bẹ àgbẹ̀ ni ó gbọ́dọ̀ mú un sùn. Ní Petrolina ní ìhà àríwá ìlà-oòrùn Brazil, níbi tí ooru wà yípo ọdún, wọ́n ń gé ẹ̀ka rẹ̀, wọ́n sì ń díwọ̀n omi fún un, wọ́n sì lè kórè ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lọ́dún. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ gbígbẹ ni Petrolina. Ní Ifẹ̀, níbi tí òjò ti ń rọ̀ láti bí oṣù Ẹrẹ́nà títí dé oṣù Ọ̀wàrà, ọ̀rinrin yóò máa hu èébu sí ewé rẹ̀, ẹni tí ó gbìn ín yóò sì máa fín oògùn sí i. Àgbálùmọ̀ ilé wa kò mu oògùn rí.

Ohun tí Màmá sọ

Ní alẹ́, a jókòó ti Màmá. Àbúrò mi sọ tirẹ̀, èmi náà sọ tèmi. Mo tilẹ̀ pa òwe pé bí a bá ń gé igi nínú igbó, kí a máa fi ọ̀rọ̀ ro ara ẹni wò. Màmá gbọ́ wa tán, wọ́n ní:

"Ẹ̀yin méjèèjì ń jà nítorí igi tí ẹ kò gbìn. Èmi pàápàá kò gbìn ín, kóró ni mo jù. Ẹ̀rù ẹ̀ka yẹn ń ba èmi náà bí ìjì bá ń jà lóru. Ṣùgbọ́n ta ni nínú yín ti gbin òmíràn? Ẹni tí ó bá fẹ́ gé eléyìí, kó kọ́kọ́ fi èyí tó ti so hàn mí."

Àbúrò mi ní, "Màmá, ọdún mẹ́wàá nìyẹn!"

"Èmi dúró fún mọ́kànlá."

Wọ́n wá yíjú sí mi. "Ìwọ tí o ní kí a má gé e, ṣé ìwọ ni yóò máa ra oògùn mi?"

N kò rí nǹkan sọ. Ó rọrùn láti fẹ́ràn igi láti ọ̀nà jíjìn. Ẹni tí ó ń gbé abẹ́ rẹ̀, tí ó ń gbá ewé rẹ̀, tí ó ń pààrọ̀ páànù, tí ó sì ń pàdánù owó tí ilẹ̀ yẹn ìbá mú wá, òun ni ó ń ru ẹrù rẹ̀. Bí mo bá fẹ́ kí igi náà dúró, èmi náà gbọ́dọ̀ fi èjìká ti ẹrù yẹn.

Ibẹ̀ ni a ti rí ojútùú. Ní ọjọ́ kejì, a fi tépù wọn ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Yàrá méjì lè dúró sí ìhà kànga láìfọwọ́ kan gbòǹgbò igi. Yàrá kẹta ni a pàdánù. Mo gbà láti máa fi iye tí yàrá náà ìbá mú wá ránṣẹ́ fún oògùn Màmá. A pe ẹni tó mọ igi í gé, ó gé ẹ̀ka orí páànù náà kúrò, ó sì fi ìyókù sílẹ̀.

Bí a ṣe lè gbin tìrẹ

Ìwọ tí ò ń kà yìí, bí o bá ní ilẹ̀ díẹ̀, má ṣe fi kóró pamọ́ de ìgbà òjò. Kóró àgbálùmọ̀ tí ó bá ti gbẹ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kì í sábà hù mọ́. Fọ ẹran ara rẹ̀ kúrò, kí o sì gbìn ín ní kíá sínú ọ̀rá tí o ti bu ilẹ̀ dúdú àti ìgbẹ́ ẹran tó ti jẹrà sí. Fi í sí abẹ́ ìbòòji, má jẹ́ kí ó gbẹ, kí o sì ní sùúrù, nítorí ó lè lo ju oṣù kan lọ kí ó tó yọjú. Bí ó bá ga tó orúnkún, tí òjò sì ti múlẹ̀, ṣí i lọ sí ibi tí yóò máa gbé. Jẹ́ kí ó jìnnà sí ilé ní mítà mẹ́wàá ó kéré tán, nítorí igi ńlá ni yóò dà. Ṣe ọgbà yí i ká nítorí ewúrẹ́, kí o sì máa bu omi sí i nínú ẹ̀ẹ̀rùn méjì àkọ́kọ́.

Bí o kò bá lè dúró pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, wá èyí tí wọ́n lọ́. Wọ́n máa ń gé ọ̀mùnú lára igi tó ti ń so, wọn a sì lọ́ ọ mọ́ ọ̀dọ́ igi tí kóró hù. Irú èyí máa ń tètè so ju ti kóró lọ, kì í sì í sábà ga tó o. Ilé iṣẹ́ ìwádìí ìjọba lórí èso àti ẹ̀fọ́, NIHORT, tí ó wà ní Ìdí-Ìṣin ní Ìbàdàn láti ọdún 1975, wà lára ibi tí a ti lè béèrè.

Àbúrò mi fúnra rẹ̀ ni ó lọ wá èyí tí wọ́n lọ́, ọ̀kan péré. Èmi gbin mẹ́ta láti inú àgbálùmọ̀ mẹ́fà tí mo rà lọ́nà. Ọyẹ́ ọdún àkọ́kọ́ pa méjì nínú tèmi, nítorí mo ti pa dà sí ibi iṣẹ́, n kò sì rán ẹnikẹ́ni létí láti bu omi sí wọn. Tirẹ̀ ti ga dé èjìká rẹ̀ báyìí.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti wà nínú yàrá méjèèjì. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, wọn a máa jí ní ìdájí, wọn a tan iná fóònù wọn, wọn a sì máa ṣa èyí tó já bọ́ lóru kí àwọn alátẹ tó dé. Màmá kì í bá wọn jà. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n ní kí wọ́n máa ṣe: kí wọ́n máa dá kóró rẹ̀ pa dà.