Ẹ Má Fi Àìsàn Bàbá Pamọ́ Wọ Bàlúù

Atlanta

Àǹtí mi ọ̀wọ́n,

Láti ìgbà tí mo ti gbọ́ ohùn tí ẹ fi ránṣẹ́ ni oorun ò ti kùn mí mọ́. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ ìbàdí fún Bàbá, ẹ ní kí wọ́n máa bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹ tún ní ká má jẹ́ kí àwọn oníbàlúù gbọ́!

Ẹ ní dókítà kì í wọ́n láàárín èrò, pé òfin Amẹ́ríkà sì wà lẹ́yìn wọn. Òótọ́ ni. Láti 1998, dókítà tàbí nọ́ọ̀sì tó bá ran èrò lọ́wọ́ nínú bàlúù ò ní jẹ̀bi ní kóòtù, àfi tí àìbìkítà rẹ̀ bá burú jáì tàbí tó bá mọ̀ọ́mọ̀ ṣèkà. Àmọ́ olùrànlọ́wọ́ ni òfin yẹn ń dáàbò bò, kì í ṣe aláìsàn. Kò tiẹ̀ fi dandan lé e pé kí dókítà dìde.

Ẹ̀jẹ̀ dídì ló ń bà mí lẹ́rù. Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ la ìbàdí rẹ̀, tó wá jókòó fún bíi wákàtí 12, ẹ̀jẹ̀ lè dì sí i lẹ́sẹ̀, kó gbéra, kó lọ dí ẹ̀dọ̀fóró. Afẹ́fẹ́ inú bàlúù náà fúyẹ́, bíi ti orí òkè tó ga tó 6,000 sí 8,000 ẹsẹ̀ bàtà. Láàárín òkun, ibo ni awakọ̀ fẹ́ sọ̀ sí?

Bùọ̀dá wa ń sọ ti dókítà kan, Ọ̀jọ̀gbọ́n Angus Wallace, kiri. Ní 1995, afẹ́fẹ́ há sáyà obìnrin kan nínú bàlúù láàárín Hong Kong sí London. Wallace fi bràńdì fọ hángà aṣọ, ó fi ti rọ́bà wọ àyà rẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè jáde, obìnrin náà sì yè. Àmọ́ obìnrin yẹn sọ fún Wallace pé òun já bọ́ lórí alùpùpù kí òun tó wọ bàlúù. Bàbá wa ńkọ́? "Ó kàn rẹ̀ mí díẹ̀" ni wọ́n máa sọ. Ṣé ẹ ti gbàgbé Bàbá Ìlaròó, tó fi ìtọ̀ ṣúgà pamọ́ títí tó fi dákú níbi ìgbéyàwó, tí ẹnikẹ́ni ò mọ oògùn tó ń lò?

Mo mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ ń gbé wọn lọ sọ́sibítù, owó lásán lèmi ń fi ránṣẹ́. Ó ń dùn mí. Tí ìbínú ọ̀rọ̀ ìsìnkú Màmá bá ṣì wà nínú yín, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ lórí fóònù, ká má fi Bàbá san án.

Ẹ jẹ́ kí dókítà tó ṣiṣẹ́ abẹ náà sọ ìgbà tí wọ́n lè rìnrìn àjò, kó kọ ọ́ sínú ìwé pẹ̀lú orúkọ oògùn wọn. Owó àyípadà tíkẹ́ẹ̀tì, èmi ni màá san án. Ẹ pè mí lálẹ́ òní, bó ti wù kó pẹ́ tó.

Àbúrò yín,
Káyọ̀dé