Majek Fashek: Ẹni tó Pe Òjò

Ẹni tó bá ń gbé GRA ní ìlú Bìní mọ̀ pé àkọ́rọ̀ òjò kì í rọ̀ ní àdúgbò wa kí ilé ọtí kan lójú ọ̀nà Ihama má gbé "Send Down the Rain", orin òjò tí Majek Fashek kọ, sí i. Àwọn ọmọ tí wọn kò tíì bí ní 1988 tí orin náà jáde ló máa ń kọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ṣùgbọ́n bi wọ́n léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ sí olórin náà. "Oògùn ló bà á jẹ́, Bàbá," ni wọn óò wí, wọn a sì gbé ife wọn. N kì í bá wọn jà. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe irọ́, àmọ́ ó kéré jù fún odindi ayé ènìyàn, ó sì ń yọ àwa tí a jókòó wòran kúrò nínú ẹjọ́.

Májẹ́kódùnmí Fáṣèkẹ́ ni wọ́n sọ ọ́, Bìní níbí ni wọ́n sì bí i sí ní 1963. Ọmọ Ẹ̀dó ni ìyá rẹ̀, bàbá rẹ̀ jẹ́ Ìjẹ̀ṣà. Nígbà tí àwọn méjèèjì pínyà, ọ̀dọ̀ ìyá ló dúró sí, ọmọ Bìní ló sì ń pe ara rẹ̀ títí ayé. Ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà ló ti kọ́ iṣẹ́. Ó wà nínú ẹgbẹ́ akọrin, ó kọ́ fèrè, ó kọ́ gìtá, ó sì ń ṣẹ̀dá orin fún wọn. Ẹ má fojú kékeré wo èyí. Ní ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun, a kì í dúró sójú kan kọrin. Agogo á máa dún, ìlù á máa gbóná, ẹ̀mí á gbé ẹnì kan, onítọ̀hún á yí gbirigbiri dé ẹsẹ̀ pẹpẹ, gbogbo ìjọ á sì máa gbè é. Nígbà tí Majek wá dàgbà, tó ń ju irun dàda rẹ̀ síwá sẹ́yìn lórí ìtàgé, tó dijú, tó ń bá ọ̀run sọ̀rọ̀ láàárín orin, gbogbo ayé ní Bob Marley ló ń fara wé. Ó fẹ́ràn Marley lóòótọ́, ó sì jọ ọ́ lójú. Lójú tèmi, ìdajì ohun tí wọ́n rí yẹn, ìṣọ́ òru ni.

Ìlú tó tọ́ ọ pàápàá kò kọ́ olórin láti dúró gbọingbọin. Kí Majek tó mọ gìtá í dì mú ni Sir Victor Uwaifo ti ń fi eyín àti ẹsẹ̀ ta á ní Bìní. Ó ti gba àwo wúrà lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ Philips fún "Joromi", ó sì kọ́ òtẹ́ẹ̀lì tó fi orúkọ orin náà pè ní 1971. Sonny Okosuns náà, tí wọ́n bí sí Bìní ní 1947, orin Elvis àti ti Beatles ló kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ lára. Ó bá Uwaifo ṣiṣẹ́ kó tó gbé ẹgbẹ́ Ozziddi tirẹ̀ jáde, "Fire in Soweto" sì gbé e kiri Áfíríkà. Ní ìlú yìí, bí olórin bá kàn dúró kọrin, ojú ọ̀lẹ la fi ń wò ó.

Ẹgbẹ́ Jastix ni Majek fi bẹ̀rẹ̀, òun àti Black Rice àti Amos McRoy Jegg. Ètò "Music Panorama" ti NTA Benin làwa òbí ti kọ́kọ́ ń rí wọn, tí a ń bá àwọn ọmọ wa jà pé kí wọ́n pa tẹlifíṣọ̀n náà. Wọ́n bá ẹgbẹ́ The Mandators rìnrìn àjò káàkiri. Ní 1988 ó dá dúró, ilé iṣẹ́ Tabansi sì gbé àwo "Prisoner of Conscience" jáde fún un. Ẹ rántí bí ayé ṣe rí. Láti 1986 ni SAP, ètò àtúntò ọrọ̀-ajé ìjọba, ti dé, náírà ń já bọ́, owó oṣù kò dé ìdajì oṣù mọ́. Ní oṣù karùn-ún 1989, ìjà SAP bẹ́ ní Bìní níbí, ọ̀dọ́ ya sí títì. Ènìyàn tí ọ̀dá mú, tí ọ̀dá náà kì í ṣe ti omi nìkan, ni ọmọkùnrin yìí bá sọ̀rọ̀ nínú "Send Down the Rain". Lọ́dún 1989 kan náà, PMAN, ẹgbẹ́ àwọn olórin Nàìjíríà, fún un ní ẹ̀bùn mẹ́fà, títí kan ti orin tó dára jù àti àwo tó dára jù.

Àwọn ènìyàn ní òjò máa ń rọ̀ lóòótọ́ tó bá kọ ọ́. Wọ́n sọ ọ́ di Rainmaker, ẹni tó ń rọ̀jò. (Ó sì yà mí lẹ́nu, nítorí àwa Yorùbá tí mo mọ̀, owó tí a ń san fún ẹni tó máa dí òjò lọ́jọ́ òde ló pọ̀ jù.) Orúkọ yìí ló kọ́kọ́ di ẹrù lé e lórí. Olórin lè ṣàṣìṣe kó sì tún un ṣe lọ́jọ́ kejì. Ẹni tí a bá sọ di wòlíì, iṣẹ́ ìyanu la óò máa retí lọ́wọ́ rẹ̀.

Ibi tí wọ́n ti ń ṣì í kà jù ni pé wọ́n ní olórin régè ni, ó parí. Ẹ gbọ́ gìtá rẹ̀ dáadáa. Jimi Hendrix wà níbẹ̀, Fela wà níbẹ̀, ìlù ilé wà níbẹ̀; òun fúnra rẹ̀ ń pe àdàlù náà ní kpangolo. Lẹ́yìn "I & I Experience" tí CBS Nàìjíríà gbé jáde, ilé iṣẹ́ Interscope ti Amẹ́ríkà gbà á. Wọ́n fi í lé Steven Van Zandt lọ́wọ́, onígìtá rọ́ọ̀kì tó ń bá Bruce Springsteen ṣeré, "Spirit of Love" sì jáde ní 1991. Ní 1992, ọmọ Aládùúrà láti Bìní ń ta gìtá lórí ètò tẹlifíṣọ̀n David Letterman, tí gbogbo Amẹ́ríkà ń wò. Àwo yẹn dára ju bí a ṣe gbà á lọ. Àwa nílé ní ariwo rọ́ọ̀kì ti pọ̀ jù nínú rẹ̀, ṣé kò lè kọ orin òjò mìíràn ni? Lọ́hùn-ún, àtẹ tí wọ́n ń kó orin gbogbo àjèjì jọ sí ni wọ́n gbé e sí. Kò tà tó bí wọ́n ṣe retí, Interscope sì jọ̀wọ́ rẹ̀.

Láti ìgbà náà ló ti ń ṣubú tó ń dìde. "Rainmaker" jáde ní 1997, "Little Patience" tẹ̀ lé e lẹ́yìn ọdún díẹ̀. Owó ń tán, oògùn olóró ń gba ilé, ohùn ń fúyẹ́. Ìgbàkigbà tí ìròyìn bá dé pé Majek ti padà, ohun tí a máa ń béèrè kò ju ẹyọ kan lọ: ṣé yóò kọ orin òjò? Kò sẹ́ni tó ń béèrè bóyá ó ń sùn, bóyá ó ń jẹun. A máa ń fẹ́ rí i lórí ìtàgé kí ara rẹ̀ tó dá, bí kò bá sì lè ta gìtá náà dáadáa, a máa ń ya fọ́tò rẹ̀. Ní 2015 ó jẹ́wọ́ ní gbangba pé owó ti tán lọ́wọ́ òun, òun sì ń fẹ́ ìrànlọ́wọ́. Wọ́n gbé e lọ sí ibi ìtọ́jú ní Abuja. Ọkàn akin ló gbà kí ọkùnrin tó ti dúró níwájú Letterman tó sọ bẹ́ẹ̀, ó sì ṣòro kí n dárí ji àwọn tó fi í rẹ́rìn-ín lọ́sẹ̀ náà. Àwọn mìíràn ní òjò tó ń pè ló ń gba ẹ̀san. Mo mọ ohun tí àwọn àgbà ń pè ní èèwọ̀, ṣùgbọ́n òjò kọ́ ló gbé oògùn fún un.

Mo máa ń fi Okosuns wé e. Òjìji bo òun náà mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ní 1994 ó padà bí ajíhìnrere pẹ̀lú "Songs of Praise", àwo náà sì tà gan-an. Ṣọ́ọ̀ṣì ṣílẹ̀kùn fún un, ó sì rí àyè láti gbé ohun mìíràn wá. Títí ó fi kú ní Washington ní 2008, ẹni tó gbà kó yí padà ló yí i ká. Majek kò rí irú àyè bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Orin ọdún 1988 la ní kó máa padà sí, a sì ń pè é ní ìpadàbọ̀.

Ní oṣù kẹsàn-án 2019 ó wà ní ilé ìwòsàn ní London, máníjà rẹ̀ sì kígbe síta. Femi Otedola, olówó oníṣòwò, ní òun yóò san owó ìtọ́jú náà, ohun tó dára ló ṣe. Ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà 2020 ni Majek kú ní New York, lójú oorun, lẹ́ni ọdún 57. Jẹjẹrẹ ọ̀nà ọ̀fun ni wọ́n ní ó pa á. Kí àwọn ọmọ ilé ọtí mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Síbẹ̀, ohun kan ṣì kù tí a lè ṣe fún un. Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọnà ní Nàìjíríà ń dáàbò bo orin fún 70 ọdún lẹ́yìn ikú ẹni tó ṣẹ̀dá rẹ̀. Èyí túmọ̀ sí pé títí òpin 2090, ẹnikẹ́ni tó bá ń fi orin Majek pa owó jẹ àwọn ajogún rẹ̀ ní owó. Ní 2017, ìjọba fún MCSN, ẹgbẹ́ àwọn tó ni ẹ̀tọ́ orin, láṣẹ láti máa gba irú owó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin onílé ọtí àti olótẹ́ẹ̀lì GRA, ẹ̀yin tí òjò kì í rọ̀ kí ẹ má gbé orin yẹn sí i, ẹ lọ san án.